Alẹ́ Tí Nútírà Já Ládùúgbò Wa

Gílóòbù ni mo kọ́kọ́ wò. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, aago méje ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀, mo ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá ọmọkùnrin kan tó gbọ́dọ̀ gbé e fún olùkọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gílóòbù tó wà lókè orí mi, irú ti àtijọ́ tó máa ń gbóná yẹn, ti ń tàn bàìbàì láti ìrọ̀lẹ́ bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Ṣàdédé ló funfun. Ó funfun débi pé mo rí eruku tó wà lórí tábìlì. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní wọ́n ti bá wa tún iná ṣe nìyẹn. Kí n tó mí kanlẹ̀, fáànù ti ń sáré àsápajúdé, nǹkan kan ró pọ́ọ̀ nínú ẹ̀rọ fótókọ́pì, òmíràn ró lábẹ́ tábìlì, òórùn ohun tó jóná sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Mo sáré lọ fa búrékà bọ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tí mo jáde síta, Ìyá Ìbejì tó ń ta omi tútù lójúlé kejì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n ń pariwo: "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ wá wo iná o! Ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá, fírísà mi ò lè gbéra mọ́!" Èmi ń sọ pé iná ga, àwọn ń sọ pé iná kéré. Òpó kan náà ni a jọ ń lò. Mo rò pé ọ̀kan nínú wa kò mọ ohun tó ń wí ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fótókọ́pì ní Ìkéré-Èkìtì, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà nílùú wa ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, àwọn ló sì sọ mí lórúkọ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tó bá mi lọ ni bọ́ọ̀dù tó ń pín iná nínú ẹ̀rọ fótókọ́pì, kọ̀ǹpútà ńlá kan, pírińtà kan, àti háàdì díìsìkì tí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan láti Ọ̀mùò, jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Òru mẹ́rin ni mo fi tún iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ láti inú ìwé tó fi ọwọ́ kọ. Mi ò gba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó ń sùn sí ojú kan ṣoṣo lọ́dọ̀ mi, mo ń kó o sí ibi méjì kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Rédíò ni mo gbé bọ́ọ̀dù náà lọ fún. Bàbá yìí ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí rédíò ń lo fáàfù, tí èèyàn á tan án, á dúró kó gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì wo bọ́ọ̀dù náà tí wọ́n fi gbé e sí imú.

"Háì káràǹtì," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi, nígbà tí iná tìrẹ ga, ṣé ti ẹni tó múlé tì ọ́ lọ sílẹ̀?"

Ẹnu yà mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ti Ìyá Ìbejì lọ sílẹ̀ ni.

"Nútírà ló já."

Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, torí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń rò pé àrá nìkan ló ń pa ẹ̀rọ. Lórí òpó iná, wáyà láífù mẹ́ta, èyí tó ń gbé iná wá, ló wà, nútírà kan ṣoṣo, èyí tó ń dá iná padà, ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ilé kọ̀ọ̀kan á mú láífù kan, á mú nútírà. Láàárín láífù àti nútírà, 230 fọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀ (fọ́ọ̀tì ni a fi ń wọn bí iná ṣe ga tó), 240 làwọn àgbà ṣì ń pè é. Láàárín láífù kan sí láífù kejì, nǹkan bí 400 ni. Nútírà ló ń jẹ́ kí olúkúlùkù gba 230 tirẹ̀ láìdí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí nútírà bá wá já lórí òpó, iná kì í lọ, ibẹ̀ gan-an ló ti burú. Iná á gba ilé mi kọjá bọ́ sílé Ìyá Ìbejì, nítorí pé láífù tiwọn yàtọ̀ sí tèmi, àwa méjèèjì á wá jọ rọ̀ sórí 400 kan ṣoṣo, a ó máa pín in. Ìpín náà kì í dọ́gba. Fírísà Ìyá Ìbejì ń fa iná, àyọ́ọ̀nù tí ọmọ wọn fi ń lọ aṣọ ilé ìwé ń fa iná, nítorí náà ìwọ̀nba fọ́ọ̀tì ló kù sọ́dọ̀ wọn. Èmi tí mo tan gílóòbù kan, fáànù kan àti kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ mi ni èyí tó pọ̀ dà sí. Bí nútírà bá já, ẹni tí ìlò rẹ̀ kéré ni ìyà ń jẹ jù. Ó dùn mí nígbà tó yé mi.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí iná yín ṣàdédé mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ti ojúlé kejì sì ń kú lọ, ẹ má dúró bi ara yín léèrè bí èmi ti ṣe. Ẹ sáré fa búrékà ńlá bọ́lẹ̀, kí ẹ tó pariwo fún àwọn ará ilé tó kù kí wọ́n ṣe bákan náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pe àwọn tó ń pín iná. Kí ẹnikẹ́ni má gun òpó o.

Bàbá gbé bọ́ọ̀dù náà síwájú mi, wọ́n tan iná tábìlì sí i. "Bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára eléyìí, ojú mi ò gbé e mọ́." Kápásítọ̀ kan ni, ohun tó ń gba iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, ó tó àtàǹpàkò mi, ó dúró ṣánṣán. 400V ni wọ́n kọ sí i. Orí rẹ̀ tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ti wú bíi púfúpúfù, ó sì ti là níbi tí ilé iṣẹ́ ti fín àmì àgbélébùú sí i látilẹ̀wá. Bàbá ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fín in ni, pé bí ó bá máa bẹ́, kó bẹ́ gba ibẹ̀. Omi kan ti gbẹ sí ìdí rẹ̀, ó pọ́n bí ògógóró tí wọ́n fi egbò sí.

Mo ní, "Bàbá, 400 náà ni wọ́n kọ sí i, 400 náà ló sì wọlé. Ṣé kò yẹ kó lè gbà á ni?"

Wọ́n fi bírò kọ ọ́ sára pálí fún mi. Iye tí mítà ń kà kọ́ ni góńgó iná. Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí 230 bá sì dé góńgó rẹ̀, ó ń kan 325. Kápásítọ̀ 400 á gba ìyẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mítà bá ka 400, góńgó rẹ̀ ti lé ní 560. Kò sí bí kò ṣe ní bẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kápásítọ̀ yìí ni nǹkan kan tún wà, ó dà bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, aláwọ̀ búlúù, ẹsẹ̀ méjì ló ní. Ìdajì rẹ̀ ti di èédú. Lára ìdajì tó kù ni mo ti ka 14D471. 14 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 471, Bàbá ní kí n kà á bíi 47 tí òdo kan tẹ̀ lé, 470 fọ́ọ̀tì nìyẹn. Fárísítọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Bí iná bá wà ní ìwọ̀n, ńṣe ló jókòó jẹ́ẹ́ láàárín láífù àti nútírà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí iná bá ti ga kọjá ìwọ̀n tirẹ̀, kíá ló máa la ara rẹ̀, á jẹ́ kí iná náà gba inú òun kọjá padà sẹ́yìn kó má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Kò sí ojú tó lè ṣẹ́ kó tó ṣe é. Ohun tó gbé mì yẹn, ooru ló ń dà nínú rẹ̀. Ọ̀wààrà iná tó wá tó sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, á gbé e mì. Ṣùgbọ́n èyí tó wá tó jókòó fún ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó jó sípò tí wọ́n fi í sí.

"Ọdẹ ni," ni Bàbá wí, wọ́n fi ìka gbọn èédú náà kúrò. "Ó kú sẹ́nu iṣẹ́."

Mo rántí ẹsitẹ́ńṣọ̀n tí mo so gbogbo ẹ̀rọ náà mọ́. Owó tí mo rà á pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, torí wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé ó ń dènà háì káràǹtì. Mo lọ gbé e wá. Bàbá tú u lórí tábìlì lójú mi. Irin pẹlẹbẹ méjì ló lọ gbọọrọ nínú rẹ̀, ọ̀kan fún láífù, ọ̀kan fún nútírà; ihò ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, wà lójú rẹ̀ níta, kò sí wáyà kankan tó dé ìdí rẹ̀ nínú. Súwíìṣì kan wà. Bọ́ọ̀dù kékeré kan tó tó ìka ọwọ́ ni iná pupa tó máa ń tàn yẹn dúró lé. Lórí bọ́ọ̀dù yẹn náà ni wọ́n ya róbótó kan sí, pẹ̀lú ihò méjì tí ẹsẹ̀ fárísítọ̀ yẹ kó wọ̀. Ihò méjèèjì ṣófo. Wọ́n ti pèsè ibi tí ọdẹ máa dúró sí, wọn ò gbé ọdẹ síbẹ̀. Mo wò ó títí, ó sì ń bí mi nínú, kì í ṣe nítorí owó tèmi nìkan. Mo mọ iye àwọn ìyá àti bàbá nílùú yìí tó ti ra irú rẹ̀, tí wọ́n so tẹlifíṣọ̀n tí ọmọ rà fún wọn mọ́ ọn, tí ọkàn wọn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi jókòó kọ gbogbo èyí. Bí fárísítọ̀ tiẹ̀ wà nínú ẹsitẹ́ńṣọ̀n yẹn, kì bá tí gbà mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Àìsàn méjì la ń kó pọ̀ tí a ń pè ní háì káràǹtì. Ọ̀kan ni ọ̀wààrà tó ń wá bí àrá bá sán, tàbí bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, tàbí bí ẹ̀rọ ńlá kan bá kú lójijì lórí wáyà kan náà. Kì í pẹ́ rárá, ó ti lọ kí ẹ tó mọ̀ pé ó wá. Èkejì ni iná tó ga tó sì dúró síbẹ̀, bíi ti nútírà yìí. Oògùn wọn ò dọ́gba. Fárísítọ̀ yára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́jú pẹ́. Ẹ̀rọ kejì tó ń wọn iná, tó ń já a bó bá ga jù tàbí tó bá kéré jù, lè já a ní ìgbà ẹgbẹ̀rún láìṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n irin ló ń ṣí nínú rẹ̀, kó tó ṣí, ọ̀wààrà àrá ti kọjá lọ. Bí ẹ bá ra ọ̀kan, ìdajì ilẹ̀kùn lẹ tì. Ti fíúùsì ńkọ́? Iye iná tó ń gbà á kọjá ló ń wò, kì í wo bó ṣe ga tó, ó sì lọ́ra. Wáyà inú ilé ni fíúùsì ń ṣọ́ kó má jóná. Ẹni tó sì wá yọ fíúùsì tó fi okùn bàbà dí i, ó ti mú ìwọ̀nba ohun tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ kúrò.

Ọmọkùnrin oníná kan tó máa ń pè mí ní Mọ́mì ló bá mi fi méjèèjì sí ìdí búrékà. Èyí tó ń já iná ní ojú kékeré kan tó ń kọ iye fọ́ọ̀tì síta ní nọ́ńbà pupa. A ṣètò rẹ̀ pé bó bá kọjá 260 kó já, bó bá wálẹ̀ ju 170 kó já, bó bá sì ti já, kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó mú iná padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó ní fíríìjì tàbí fírísà. Gáàsì inú rẹ̀ ṣì ń tì lójú kan bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, bó bá tún gbéra kíá, mọ́tò rẹ̀ á máa jà, á gbóná, á sì jóná lọ́jọ́ kan.

Láti ìgbà tí nọ́ńbà pupa yẹn ti wà lójú ògiri mi ni mo ti ra ìwé olójú ewé 40 kan, mo ń kọ ohun tí mo rí sí i. Aago méje alẹ́, tí gbogbo adúgbò ń se oúnjẹ tí wọ́n ń wo ìròyìn, 174. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, 198. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá tí gbogbo èèyàn ti sùn, 247, 251. Ní ọjọ́ ọdún kan tí gbogbo ilé ń lo iná, ó wálẹ̀ sí 158, ẹ̀rọ náà sì já a títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti máa ń rò pé iná wa kàn burú ni. Ìwé yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé burúkú rẹ̀ ní àkókò. Mi ò kí ń tan ẹ̀rọ fótókọ́pì láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀, ọ̀sán ni wọ́n ń wá. Ní 2024 ni wọ́n gbé àkóso ọjà iná Èkìtì kúrò lọ́wọ́ àjọ àpapọ̀ wá sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ wa. Bí ọjọ́ kan bá wà tí ẹnì kan bi mí pé báwo ni iná ṣe rí ní Ìkéré, màá gbé ìwé mi lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì ló gbà wá lákòókò jù. Ìkéré kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn ń gún irin mọ́ wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti rí Òkè Olósùnta àti Orólé á mọ irú ohun tí ilé wa jókòó lé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni a ti kọ́kọ́ gbìyànjú. Irin bàbà náà kò tíì wọlẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ méjì tí òòlù fi ń dún kán-ín kán-ín, irin sì tẹ̀. Ọmọkùnrin oníná náà gbé òmíràn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ibẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀, ó so mítà tí wọ́n fi ń wọn ẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn: 94 óòmù. Bí óòmù bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ń gba iná tó. Ó mi orí. "Mọ́mì, iná àrá ò ní gba ibí yìí lọ sílẹ̀, inú ilé ló máa padà sí." Ẹ̀yìn balùwẹ̀ la gbà nígbẹ̀yìn, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, tí kókò ti ń hù láti ọdún pípẹ́. Irin mẹ́ta ló gún síbẹ̀, àlàfo mítà méjì méjì ló fi sáàárín wọn, ó fi wáyà bàbà tó nípọn so wọ́n pọ̀, a sì da èédú tí a gún yí wọn ká. Bọ̀dá kan tó ń kọjá ní ká da iyọ̀ sí i. Ọmọ náà kọ̀, ó ní iyọ̀ á ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, òjò á fọ̀ ọ́ lọ, èyí tó bá sì kù níbẹ̀ á máa jẹ irin. Nígbà tó tún wọ̀n ọ́n, 11 óòmù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fún òun lómi. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, mo máa ń da garawa omi kan síbẹ̀, torí pé ilẹ̀ tó gbẹ táútáú kì í gba iná.

Ẹ́ẹ̀tì yẹn kò lè dá nútírà tó já dúró o. Ti àrá ni, àti ti èèyàn, kí ẹni tó bá fọwọ́ kan irin ẹ̀rọ má bàa gan.

Nípa àrá fúnra rẹ̀, mo fẹ́ yin ìyá mi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú lóṣù kẹta, kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bọ́, wọ́n ti pa rédíò, wọ́n ti yọ ọ́ lára iná, wọ́n ti yọ wáyà ẹríà tó lọ sórí òrùlé, wọ́n á wá fi ìró bo dígí. Ti dígí, mi ò ní í bá wọn jà. Ti ẹríà, wọ́n jàre gbogbo wa. Mọ̀nàmọ́ná kan lè gbé nǹkan bí 30,000 áńpíà, bẹ́ẹ̀ 13 ni fíúùsì tó tóbi jù nínú pulọ́ọ̀gì wa. Kò sì di dandan kó bọ́ lé ilé ẹni. Bó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, wáyà tó gba ìtòsí ibẹ̀ kọjá á gbé tirẹ̀ lára rẹ̀ wọ ìlú. Àwọn kan á ní àwọn ti pa súwíìṣì. Àlàfo inú súwíìṣì kò ju mìlímítà mélòó kan lọ. Ohun tó fò láti ojú ọ̀run wá sílẹ̀, ṣé àlàfo yẹn ló máa dá a dúró? Ẹ yọ ọ́ kúrò lójú iná pátápátá. Ẹ yọ wáyà díìṣì náà. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìsọdá ọ̀nà yọ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lójú iná lọ́dún tó kọjá, ó gbàgbé wáyà díìṣì lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni àrá gbà wọlé.

Ti jẹnẹrétọ̀ ò gùn. Kí epo tó tán nínú rẹ̀, ó máa ń sáré ó máa ń kú, iná á máa ga á máa wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí epo tán tí ẹ̀rọ fi wà lórí rẹ̀. Ẹ tan án ná, kí ó gbóná, kó dúró lójú kan, kí ẹ tó gbé nǹkan lé e. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo nǹkan kalẹ̀.

Ó ku ariwo. Ọ̀rọ̀ yìí kò pa ẹ̀rọ mi kankan, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìsìn wa jẹ́. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ìjọ wa. Ó tó oṣù mẹ́rin tí sípíkà wa fi ń kùn. Bí pásítọ̀ bá dákẹ́ fún àdúrà, hùùùù yẹn ni gbogbo ìjọ ń gbọ́, bí oyin tó wà nínú ìkòkò. Àwọn kan ní ká ra sípíkà tuntun. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù.

Ṣáájú mi, ẹnì kan ti gbìyànjú àtúnṣe tirẹ̀. Ó tú pulọ́ọ̀gì ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ó yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ewé pẹ̀lú yẹ́lò yẹn, ó gé e dànù. Kíkùn náà dín kù lóòótọ́. Ní Sunday kejì, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin gbé ètè sún mọ́ máìkì, ó kígbe, ó sì jù ú sílẹ̀. Iná gbé e létè. Mo gbọ́ igbe yẹn títí di òní. Bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ fi yíyọ ẹ́ẹ̀tì wo ariwo sàn, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló fẹ́ fi rà á.

Mo kọ́kọ́ dá wáyà ẹ́ẹ̀tì padà. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Bàbá Rédíò. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti ń fún míkísà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn àwọn máìkì pọ̀, níná? Mo ní lẹ́bàá pẹpẹ. Ampilifáyà ńkọ́? Mo ní lẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Ẹ́ẹ̀tì méjì nìyẹn," ni wọ́n wí. Wáyà ohùn tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ti pa òbìrí kan pẹ̀lú ẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ògiri, iná díẹ̀díẹ̀ sì ń yí nínú òbìrí náà. Òun ni sípíkà ń kọ lórin. Mo mú ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan tó nípọn, mo fi so méjèèjì mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Mo tan án. Hùùùù ti lọ.

Ó ṣẹ́ ku ohùn tín-ín-rín kan, jììììì, bí yànmùyánmú tó sún mọ́ etí. Fún èyí, Bàbá yá mi ní rédíò kékeré wọn tó ń lo bátìrì. Wọ́n ní kí n gbé e sí AM, sáàárín ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan, kí n gbé ohùn rẹ̀ sókè, kí n sì máa rìn. Èmi nìkan ni mo wà nínú ìjọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń gbé rédíò lọ lára ògiri bí ẹni tó ń wá owó tó sọ nù. Lẹ́bàá fáànù, ó ha díẹ̀. Lábẹ́ gílóòbù LED tuntun tó wà lókè àwọn akọrin, ó ké. Nígbà tí mo dé ìdí láàpútọ́ọ̀pù ọmọkùnrin tó ń tẹ dùùrù, tí mo gbé e sún mọ́ ṣájà rẹ̀, rédíò náà bú ramúramù. Mo yọ ṣájà náà, láàpútọ́ọ̀pù ń lo bátìrì tirẹ̀. Jììììì kú fin-ín.

A ti pààrọ̀ gílóòbù yẹn. Ṣájà náà, a ra èyí tó ní kókó dúdú lára wáyà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí kókó yẹn rí lára wáyà kọ̀ǹpútà, tí ẹ rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ferrite ni wọ́n ń pè é, ariwo tó fẹ́ gba wáyà kọjá ló ń mú, ó ń sọ ọ́ di ooru. Wọ́n ń ta èyí tó ṣeé há mọ́ wáyà. Bí wáyà bá gùn tó, ẹ yí i gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, agbára rẹ̀ á pọ̀ gan-an ju ìgbà tó kọjá lẹ́ẹ̀kan. Wáyà máìkì wa náà, a pààrọ̀ rẹ̀ sí olójú mẹ́ta: ohùn kan náà ń gba wáyà méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan dorí kodò sí èkejì. Ariwo tó bá bọ́ lé wọn lójú ọ̀nà, bákan náà ló ṣe bọ́ lé méjèèjì, bí míkísà bá ti yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ariwo ti tán, ohùn ló kù. Mo sì kó gbogbo wáyà ohùn kúrò lára wáyà iná. Níbi tí wọn ò ti lè má pàdé, mo jẹ́ kí wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú, wọn ò jọ rìn mọ́.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, nígbà tí pásítọ̀ ní ká dákẹ́, mo gbọ́ ẹyẹ níta.

Lálẹ́ àná, mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń to ìwé. Aago mọ́kànlá kọjá 40 ìṣẹ́jú. Nọ́ńbà pupa ń gun òkè: 249, 255, 258. 268. Ẹ̀rọ náà dún ká, òkùnkùn dé. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbejì láti ojúlé wọn, àwọn náà ti fi irú rẹ̀ sí tiwọn lóṣù tó kọjá.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà, ṣé tiyín náà ti já?"

"Ó ti já, mà."

"Tiwa náà ti já. Ẹ ṣé o."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo ń ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí iná padà, 243 ló kọ. Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn.